Wá Jẹun Láti Ẹnu Ọ̀nà

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí á ti rẹ Primitiva. Iṣẹ́ Olúwa ló ń rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí ìjọ Onítẹ̀bọmi Punta Kapya, ní etíkun erékùṣù Panay, ti fi í jẹ díákónì, tí wọ́n sì ya ojú rẹ̀ sí bánà ńlá lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì pé "Ìránṣẹ́ Tí Kì Í Sinmi," ìjókòó ti di ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ẹni tó bá bá a lórí àga á kọ́kọ́ bojú wo bánà ná.

Àràárọ̀ ló ń se ẹ̀kọ ìrẹsì, táá máa gbé e ká ilé àwọn aláìsàn. Ilé àkọ́kọ́ ni ti Tatay Idiong, ìyẹn Bàbá Idiong, apẹja àtijọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kátólíìkì ni bàbá náà, Pásítọ̀ sì ti ń fojú inú wò ó nínú omi ìrìbọmi.

Primitiva á dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀ ilé ọparun náà.

"Tay, ẹ wá jẹun o!"

"Mo ti yó, Inday, ọmọ mi. O ṣeun."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ikùn mi kún dẹ́nu."

Primitiva á mí kanlẹ̀, á gbé ẹ̀kọ rẹ̀, ó di ilé kejì. Inú rẹ̀ tiẹ̀ máa ń dùn díẹ̀ pé òun kò ní gun àkàsọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ láti ìgbà òjò.

Àfi bí nọ́ọ̀sì abúlé ṣe dá a dúró lọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bàbá yẹn ò lè dìde mọ́. Mi ò rí àìsàn kankan lára rẹ̀, Manang, ẹ̀gbọ́n mi. Ebi ni. Tí kò bá jẹun, a ó sin ín láìpẹ́."

"Ebi kẹ̀? Èmi tí mò ń pè é lójoojúmọ́?"

Ẹ̀rù bà á fún bàbá náà. Ká má parọ́, ẹ̀rù bà á fún bánà náà pẹ̀lú. Ó gba ilé Pásítọ̀ lọ pé kí wọ́n wá gbàdúrà.

Ó bá wọn nídìí ẹja sísun àti ìrẹsì gbígbóná. Ìyàwó Pásítọ̀ kò dìde, ó kàn gbé ṣíbí sókè, ó fi orúkọ ìnagijẹ Primitiva pè é.

"Manang Tibang! Ẹ wá bá wa jẹun!"

"Mo ti yó, Mà."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀, kọfí nìkan ló ti kan ẹnu rẹ̀ láti àná. Òórùn ẹja náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Ní Punta Kapya, olè tó ń kọjá lọ pàápàá, wọ́n á pè é wá jẹun. Ìkíni ni. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè àkọ́kọ́ kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ó dìgbà tí wọ́n bá sún fún ọ lórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n gbé àwo síwájú rẹ, kó tó di oúnjẹ. Ìyàwó Pásítọ̀ kò sún.

"Kí ló dé tí ẹ ń wò bọ̀ọ̀?" ni ìyàwó Pásítọ̀ bi í.

"Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń pè é," ni Primitiva wí, ó sì jáde.

Ó gbé ẹ̀kọ gun àkàsọ̀ ilé bàbá náà, orúnkún rẹ̀ ń dún. Tatay Idiong ti rù débi pé ẹní fẹ́ pọ̀ jù ú lọ.

"Mo ti yó, Inday," ni bàbá náà wí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Primitiva gbé e jókòó ti ògiri, ó bu ẹ̀kọ sí abọ́ méjì, ó fi ọ̀kan lé e lọ́wọ́, ó sì kọjú sí tirẹ̀. Bàbá ń wò ó. Nígbà tó yá, ṣíbí tirẹ̀ náà gbéra.

"Inday."

"Tay."

"Kò níyọ̀."

"Háà!"

"Ṣé èyí lò ń gbé kiri abúlé látọjọ́ yìí? Àwọn aláìsàn yẹn mà ní sùúrù o!"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Primitiva, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Títí di òní, kò tọ́ ẹ̀kọ náà wò rí.

Bàbá ń jẹun bí ẹni tó ń ka eegun ẹja. Oòrùn ti ń ga. Àwọn ilé yòókù ń retí, ẹlòmíì á sì ti máa kùn.

"Máa lọ, wọ́n ń dúró dè ọ́."

Primitiva wo abọ́ rẹ̀, kò tíì dé ìdajì. Tó bá dìde pẹ́nrẹ́n, ojú á ti bàbá, á gbé abọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ.

"Níbo lẹ kó iyọ̀ sí?"

Bàbá fi ètè júwe agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Primitiva rá kòrò lọ mú un wá, ó wọ́n ọn sí abọ́ méjèèjì.