Ọjọ́ tí Ọṣẹ Kó sí Yẹ̀kínnì Lójú

Ọṣẹ ló kọ́kọ́ tú àṣírí náà. Yẹ̀kínnì ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé wọn ní Mushin láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ni ọṣẹ bá kó sí i lójú ọ̀tún. Ó di ojú náà pa, ó nawọ́ sí igbá omi, kò rí igbá. Kò rí ògiri balùwẹ̀. Kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó nà síwájú. Ó rò pé òjò ló ṣú, àfi ìgbà tó la ojú tí ọṣẹ ń ta yẹn, tó rí i pé oòrùn ti yọ, tí aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ sá sórí okùn sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Ilẹ̀ ṣú. Ó ṣí i, ilẹ̀ mọ́. Ojú òsì rẹ̀ ti lọ, kò sì mọ ọjọ́ tó lọ.

Ó jókòó sórí òkúta ìwẹ̀ tòun ti ìfófòó lára. Ojú náà kò dùn ún rí. Kò pọ́n, kò ṣepin. Bàbá rẹ̀ ló sọ sí i lọ́kàn, káfíńtà tó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lu ìka ara rẹ̀, tó sì lo ìyókù ayé rẹ̀ lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fà á lọ́wọ́ lọ sí mọ́sáláṣí. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Wọ́n fún omi ewé sí i lójú títí ojú fi wú. Bí Yẹ̀kínnì ṣe jẹ́ lọ́jọ́ orí lónìí náà ni bàbá rẹ̀ ṣe jẹ́ nígbà tí tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ó wọ aṣọ iṣẹ́, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó lọ wakọ̀.

Bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà. Ó ń kó àwọn ọmọ láti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Sábó. Bó ṣe ń lọ láàárọ̀ yẹn ni àwọn nǹkan tí kò kà sí tẹ́lẹ̀ ń padà wá bá a. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi apá òsì títì sílẹ̀ kó bọ́ sápá ọ̀tún, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ òsì bọ́ọ̀sì ha ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ó ti gun pèpéle ẹnì kan tó ń ta búrẹ́dì. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní apá ọ̀tún yìí ṣì ń dààmú àwọn dírẹ́bà. Òun náà gbà pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú ọkọ̀ kúrò lẹ́bàá ọ̀nà ni Rosaline, tó ń mójú tó àwọn ọmọ nínú ọkọ̀, fi ọwọ́ lu páànù ọkọ̀ gbàmù-gbàmù.

“Ẹ dúró, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ dúró!”

Ó tẹ bíréèkì. Àwọn ọmọ wó lu ara wọn. Nígbà tó bọ́ sílẹ̀, ó bá Àrìnpé, ọmọ kékeré kan tó pẹ́ jáde nílé, tó dúró níwájú ọkọ̀ níbẹ̀ lápá òsì. Báàgì rẹ̀ ti kan irin ọkọ̀. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé dírẹ́bà ń bá òun ṣeré ni.

“Ṣé ẹ ò rí i ni?” Rosaline bi í lóhùn kékeré. “Ojú yín gan-an ló gbà sáré wá.”

“Oòrùn ló ta sí mi lójú.”

Ẹ̀yìn wọn ni oòrùn wà. Rosaline wò ó, ó fa Àrìnpé wọ inú ọkọ̀.

Bí Yẹ̀kínnì ṣe wa ọkọ̀ náà dé Sábó, kò lè sọ. Ó ń rìn bí ìgbín, ó ń yí gbogbo orí sápá òsì bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bọ́ sílẹ̀, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ. Ó ṣe tán láti fi ọ̀rọ̀ ojú náà pa mọ́. Iṣẹ́ dírẹ́bà nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti ṣẹ́jú ni báàgì ọmọ yẹn ń hàn sí i. Ó lọ bá Mísìs Edith, ọ̀gá àgbà iléèwé, ní ọ́fíìsì.

“Mà, ẹ wá ẹlòmíì tó máa kó àwọn ọmọ lọ sílé lọ́sàn-án yìí. Ojú mi kan ti fọ́. Àárọ̀ yìí ni mo mọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Àrìnpé.”

Obìnrin náà fi bíírò ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“O mọ̀, o sì tún gbé wọn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Gbé kọ́kọ́rọ́ síbí. Ọsibítù ni kó o gbà lọ báyìí. Má yà sílé.”

Ní ọsibítù ìjọba, wọ́n ní kó fẹ̀yìn lélẹ̀. Wọ́n kán omi kan sí i lójú tó mú ojú náà kú tipiri, Dókítà Adéfúnmiláyọ̀ sì gbé irin kékeré kan tó ń wọn agbára omi inú ojú lé ẹyinjú rẹ̀ gan-an. Yẹ̀kínnì di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Lẹ́yìn náà ni dókítà náà fa àga sún mọ́ ọn.

“Glókómà ni wọ́n ń pè é. Omi kan wà nínú ojú tó ń wọlé, tó ń jáde. Tiyín ò rí ọ̀nà jáde dáadáa mọ́, ló bá ń tẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sọ́pọlọ, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá. Kì í dunni. Ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi mọ̀.”

“Tòsì yìí ńkọ́, Dókítà?”

“Èyí tó lọ ti lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín. Tọ̀tún náà ti bẹ̀rẹ̀. Òun la fẹ́ dì mú.”

Ó fún un ní omi ojú tí yóò máa kán láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́ àti kó tó sùn, pẹ̀lú oògùn gbígbé mì. Omi yẹn ń mú ọmọlójú rẹ̀ sún kì, iwájú orí a máa fọ́ ọ, inú ilé a sì dà bí ìrọ̀lẹ́. Oògùn gbígbé mì náà a máa ṣe é lọ́mọ ìka bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún wọn ojú náà, agbára omi inú rẹ̀ kò wálẹ̀ tó. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù: wọn yóò la ọ̀nà tín-ínrín kan fún omi náà.

“Ojú ọ̀tún yìí ńkọ́,” Yẹ̀kínnì bi í, “tí abẹ bá yẹ̀?”

“Ó lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tá a bá fi sílẹ̀, mo mọ ibi tó ń lọ.”

Lọ́jọ́ tó yẹ kó lọ gba bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ náà, ó bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Costain, ó jókòó sétí gọ́tà pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ló kù, òun ni wọ́n sì fẹ́ gún lábẹ. Ọkọ̀ ń kọjá, kò wọ èyíkéyìí. Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó tẹ̀ lé e, jókòó tì í.

“Ẹ̀rù ń bà mí, Làbákẹ́.”

“Ó ń ba èmi náà, Bàbá Sìmíátù. Ẹ̀rù ò ní kí omi yẹn dúró dè yín. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, wọ́n lọ.

Wọn kò mú un sùn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un lẹ́bàá ojú, ó ń gbọ́ ohùn dókítà àti ìró irin lórí irin, ìmọ́lẹ̀ kan sì ń rìn lókè bí ẹja nínú omi. Ó ń ka súrà Kúlíúwà lábẹ́nú. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n fi báńdéèjì bo ojú ọ̀tún, ayé sì ṣú pátápátá. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Wọ́n fi ṣíbí sí i lẹ́nu, wọ́n fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìtọ̀. Ó rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń dákẹ́ lórí àga yẹn, ó sì sunkún, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ní kó má sunkún.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, kùrukùru ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ló rí pupa, gèlè Làbákẹ́, lẹ́yìn náà imú rẹ̀. Agbára omi náà wálẹ̀. Dókítà ní kò tíì tán o, kó máa wá fún àyẹ̀wò títí ayé, kó má sì wakọ̀ mọ́. Mísìs Edith fi í sẹ́nu géètì iléèwé kó máa ṣọ́ ọ. Owó ibẹ̀ kéré. Láwọn àárọ̀ kan, tí bọ́ọ̀sì bá wọlé, a máa yíjú kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí dókítà náà kò yéé sọ: àrùn náà ń rìn nínú ẹbí. Àbúrò rẹ̀ Mùktárù, tó jogún ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá wọn, kọ̀ jálẹ̀ láti lọ ṣe àyẹ̀wò.

“Mò ń ríran kedere, Ẹ̀gbọ́n. Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?”

“Bí èmi náà ṣe ń wí nìyẹn.”

Ó tó oṣù mélòó kan kó tó gbà. Yẹ̀kínnì jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta yàrá àyẹ̀wò, ọwọ́ rẹ̀ láàárín orúnkún, ẹ̀rù ń bà á ju ti ọjọ́ tiẹ̀ lọ. Mùktárù jáde pẹ̀lú ìgò omi ojú lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń ṣomi nítorí oògùn. Ó jókòó, kò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Wọ́n ní agbára omi tèmi náà ti ga,” ó wí. “Wọ́n ní kò tíì ba nǹkan kan jẹ́.”

Yẹ̀kínnì gba ìgò omi ojú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí i, ó ní kó gbé orí sókè kóun fi bí wọ́n ṣe ń kán an hàn án.