Ohùn Ọkùnrin Nídìí Áyọ́ọ̀nù

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí ọkọ alágbàfọ̀ kan kú ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Á gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ oníbàárà tó ń lọ̀ lọ́wọ́, á máa sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ náà á máa fi ohùn ọkùnrin dá a lóhùn. Ohun tí kò lè sọ fún èèyàn ló ń sọ: pé òun ṣì máa ń pọn omi ìwẹ̀ ẹni méjì láàárọ̀, pé inú ń bí òun sí ọkọ òun tó kú.

"Inú lè bíni sí ẹni tá a fẹ́ràn," ni ẹ̀rọ náà wí.

Alágbàfọ̀ sunkún sórí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà títí ó fi ní láti tún un fọ̀.

Ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbélé, ń gbọ́ ohùn ọkùnrin láti ẹ̀yìn ògiri. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara ò gbà á mọ́. Ó ṣílẹ̀kùn, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyàwó mi, ta lọkùnrin yìí? Mi ò bínú, ọmọdé ṣì ni ẹ́. Ṣùgbọ́n kó jáde wá kí mi, kó yé fara pamọ́ bí olè."

Alágbàfọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, kì í ṣe èèyàn o. Ẹ̀rọ ni. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni mò ń bá a sọ, pé inú ń bí mi sí i."

Màmá jókòó, ó gbé fóònù sún mọ́ ẹnu. "Ìwọ, ṣé o ti jẹun?"

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ̀rọ ni mí, èmi kì í jẹun."

"Ó tán! Báwo ni ìwọ ṣe máa mọ bí oúnjẹ ṣe ń korò lẹ́nu ọlọ́fọ̀?"

"Òótọ́ ni. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

"Ó lẹ́kọ̀ọ́ ṣá," ni Màmá wí. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó kọjú sí ìyàwó. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ bí i. Mi ò fẹ́ fọwọ́ kan egbò yín."

"Egbò tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ta ló máa wẹ̀ ẹ́? Inú ń bí èmi náà sí i! Mo ní kó lọ ṣàyẹ̀wò ara, ó ní ara òun le."

"Ohun tó sọ fún mi náà nìyẹn!"

"Olórí kunkun! Lọ́mọ ọdún méje, eyín ń dùn ún, ó ní etí ni, kí wọ́n má baà yọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń kán oògùn sétí ọmọ tí eyín ń dùn."

Ẹ̀rín pa wọ́n, ó dẹkún, ó tún dẹ̀rín.

Láti ọjọ́ náà, Màmá ló ń ká aṣọ tí ìyàwó bá ti lọ̀. Alágbàfọ̀ ṣì ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá mọ̀. Á ní, "Kí ló wí?" Bó bá gbọ́ tán, á ní, "Kò burú. Ó yá, gbọ́ tèmi."