Ọ̀bẹ Tó Sán Nínú Omi

Ó dún. Kò pariwo. Kín, bẹ́ẹ̀ péré, nínú omi. Mo wẹ̀yìn. Ọ̀gá mi, bàbá ará Japan tó ń jẹ́ Morita, wà níta pẹ̀lú fóònù létí. Kò gbọ́.

Mo yọ ọ̀bẹ náà, mo nù ún. Ojú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n irin tó bá dún bẹ́ẹ̀ ti sán nínú. Lọ́jọ́ kan, ó lè kán mọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń gbálẹ̀, tí mo ń dáná ní ṣọ́ọ̀bù àgbẹ̀dẹ ọ̀bẹ yìí ní Dallas. Òní ni ọ̀gá kọ́kọ́ ní kí n fọwọ́ ara mi ki ọ̀bẹ gbígbóná bọ omi, kí irin rẹ̀ lè le. Ó fi aṣọ dí fèrèsé, kí n lè rí àwọ̀ irin nínú iná. Oríṣi pupa márùn-ún ló mọ̀, ó sì ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi, epo pupa, ata pupa, èèyàn pupa, pupa náà ni gbogbo rẹ̀. Mo dúró, mo ní bóyá kò tíì tó. Àṣé ó ti kọjá.

Tí mo bá sọ, ó lè lé mi. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ta ni yóò gbà mí? Kò sẹ́nì kankan ní apartment mi ní Oak Cliff tí mo lè bi léèrè. Ọmọ mi Ọ̀rẹ́olúwa wà ní Wylie. Tí mo bá pè é, á ní, "Daddy, I'm at work."

Ọ̀gá wọlé. "Láyí, kí ló dé tí o ń wo ọ̀bẹ bí ẹni tó rí ọlọ́pàá?"

Mo na ọ̀bẹ náà sí i. "Ọ̀gá... ó dún."

Ó fi èékánná ta á. Èyí tó dáa a máa dún bí agogo. Eléyìí dún gbọ̀. Ó dè é mọ́ fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú pinpin, ó fi òòlù gbá a. Ó kán. Inú rẹ̀ rí ṣakaṣaka bíi ṣúgà.

"O jẹ́ kó gbóná jù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ká ní o dákẹ́, obìnrin tó ní ká ṣe é fún òun ni ì bá gbà á." Ó na fóònù sí mi. "Pè é. Sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà, tún iná dá."

Tún iná dá. Kò lé mi.

Sẹ̀gilọlá ni orúkọ tó wà lórí ìwé oníbàárà, ní Cedar Hill. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, ahọ́n mi lọ́. Mo bọ́ sí Yorùbá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀bẹ yín ti bà jẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́."

"Háà! Ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀ yẹn, tí wọ́n fi yín pamọ́ fún wa?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣe òmíràn, mo lè dúró. Kò ṣá gé yín lọ́wọ́?"

"Rárá mà."

"Ẹ rọra o."

Ó ti gbé fóònù sílẹ̀, èmi ṣì gbé tèmi sétí. Ọ̀gá wúkọ́. Mo lọ bu èédú.