Iná Kú, Iná Ò Lọ

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo kọ sínú nóòtù iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òun náà ni wọ́n fẹ́ fi mú mi. Mo kọ ọ́ pé: "Iná kú." Aago mẹ́ta ọ̀sán ku ogún ìṣẹ́jú.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Oníkan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni láti dán ẹ̀rọ tí yóò máa ti sátẹ́láìtì lójú òfuurufú wò. Ẹ̀rọ náà kò ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Iná mànàmáná ló fi ń sọ gáàsì di iná búlúù, iná búlúù yẹn ló sì ń ti sátẹ́láìtì lọ. Ẹ fi bébà kan lé àtẹ́lẹwọ́ yín: bí bébà yẹn ṣe wúwo tó ni agbára ẹ̀rọ náà mọ. Ohun kan ṣoṣo tó fi níyì ni pé kì í sinmi. A máa ń gbé e sínú táńkì irin tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó sì jẹ́ kó máa jó fún ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí láìdúró. Bó bá dúró, ó kùnà nìyẹn. Èmi ni mo sì máa ń fọwọ́ sí ìwé àbájáde.

Ní wákàtí ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, mo ń wo ojú táńkì lọ́wọ́ nígbà tí iná búlúù náà kú. Pọ́ńpù ń ṣiṣẹ́. Fáànù ń fẹ́ lórí mi. Mo gbìyànjú láti tún un tàn lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ nóòtù wa, ṣùgbọ́n mo ń kánjú, Yorùbá ló jáde.

Ọ̀gá mi ni Ẹnjiníà Jíbrílù. Ẹ má bínú pé mi ò pè é ní "wọn" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn ti tán. Ó pààrọ̀ ibi tó ti jó nínú ẹ̀rọ náà, ó jẹ́ kó lo wákàtí tó kù, ó sì rò ó pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ kó lè pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nígbà tí ìwé àbájáde dé ọwọ́ mi, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ kò ní àbùkù kankan, pé wọ́n mú iná lọ lẹ́ẹ̀kan ní Èkó ló fà á tó fi dúró díẹ̀. Mo lọ bá a. Ó ṣí nóòtù, ó fi ìka tọ́ ohun tí mo kọ, ó ní ṣebí èmi náà ni mo sọ pé iná kú.

Inú bí mi gan-an. Ó mọ ìyàtọ̀. Ọmọdé Ìsàlẹ̀ Èkó kankan ò ní ṣì í pè: iná ìjọba máa ń lọ ni, iná tó ń jó ló ń kú. Bátìrì tó kún yàrá kan la tò ti táńkì yẹn. Bí iná ìjọba bá lọ nígbà ogún, ẹ̀rọ ò ní mọ̀. Èyí tó dùn mí jù ni pé òkè òkun làwọn tó fẹ́ ra ẹ̀rọ náà wà, ó sì mọ̀ pé wọ́n máa gbà á gbọ́. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa iná wa? Ó fi ìtìjú ìlú mi bo ẹ̀rọ burúkú mọ́lẹ̀. Bó bá kú lójú òfuurufú lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó máa lọ tún un tàn, orúkọ mi ló sì máa wà lórí ìwé. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí i.

Kò bá mi jà. Ilé wa ló gbà lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo bá a ní pálọ̀ ìyá ìyá mi, Àlàájà Memunat, ní Ẹnu Ọwà, páálí èso dàbínù kan tó gbé wá wà níwájú wọn. Ìyá àgbà ló tọ́ mi; n kì í sọ pé rárá fún wọn. Jíbrílù ti dọ̀bálẹ̀, ó ti rojọ́ pé ọmọ wọn fẹ́ ti ilé iṣẹ́ òun pa nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Mo ṣàlàyé pé iná tí mo kọ kì í ṣe iná tó ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àlàájà, iná ni iná. Gírámà lọmọ yìí ń bá mi fà."

Ìyá àgbà wò mí. "Taslimah, ọ̀gá ẹ ti wá sílé wa. Fọwọ́ sí i fún wọn."

Omijé ìbínú lé ròrò sí mi lójú. Mo gba báírò àti ìwé àbájáde náà lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Mo fa igi lórí irọ́ náà, mo sì kọ Gẹ̀ẹ́sì gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀, kí iná má bàa di méjì mọ́: pé iná ò lọ, pé ẹ̀rọ wa ló kú ní wákàtí ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá, tí kò sì tàn mọ́ àfi ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ibi tó jó. Mo fọwọ́ sí i bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe. Mo fi fóònù yà á, mo fi ránṣẹ́ sáwọn oníbàárà kí n tó dá ìwé padà fún un.

Ó kà á, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní mo ti ba ayé òun jẹ́. Ìyá àgbà bi mí pé kí ni mo kọ, mo sì sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n kọjú sí i.

"Ṣé irọ́ ló pa mọ́ yín?"

Ìwé ló ń wò. Wọ́n wá fọwọ́ ti páálí dàbínù náà padà síwájú rẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ. Inú pálọ̀ mi lẹ ti wá ní kí n bá yín ki irọ́ bọ ọmọ mi lọ́wọ́."

Lọ́jọ́ Ajé, níbi iṣẹ́, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá táńkì lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà ò bẹ̀ mí pé àwọn ní kí n fọwọ́ sí irọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti mú iná lọ ládùúgbò, wọ́n á pè mí láti inú yàrá wọn: "Taslimah, iná lọ o. Kò kú."

Inú ṣì ń bí mi. N kì í rẹ́rìn-ín.