Ọwọ́ Òsì Nínú Géèmù

Tóyìn, gbọ́ àlá tí mo lá. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń wá géèmù orí kọ̀ǹpútà kan tó ń dẹ́rù bani, tí kò gùn. Ọlọ́jà ní, "Irú èwo lẹ fẹ́?" Mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ jà, mi ò fẹ́ sáré. Èyí tí màá kàn máa fọwọ́ tẹ nǹkan títí màá fi rọ́nà jáde ni mo fẹ́." Ó gbé ilé kan lé mi lọ́wọ́, bí mo ṣe bá ara mi nínú ilé náà nìyẹn. Òkú ìyá arúgbó kan na kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn sí mi. Ọwọ́ kan ṣoṣo tí mo ní níbẹ̀, ọwọ́ òsì ni, ó tóbi bíi bẹ́ẹ̀dì, ó sì ń mí. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà, mi ò lè fọwọ́ òsì gbà á lọ́wọ́ yín." Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́! Ó yá, jókòó tì mí." Ilẹ̀kùn pa dé. Mo jí. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti kú tipiri lábẹ́ mi.