Ìpàdé Ọjọ́bọ̀ ní Àpòmù

Mọ́nsúrù káfíńtà kò bẹ̀rù òkú rí. Òun ló ń gé pákó tí wọ́n fi ń bo sàréè fún ìdajì ìlú Ìkirè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Jímọ́ọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kú, kò lè gbé ife ọtí sẹ́nu kó má gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Ikọ́ gbígbẹ ni, ẹ̀ẹ̀mejì, bí ìgbà tí ẹni kan fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì. Yóò bojú wẹ̀yìn, kò ní í rí ẹnì kankan, ẹ̀rù á bà á, á sì da ọtí náà sọ́fun kíákíá. Ẹ sáà wo wàhálà: ọtí ló ń pe ẹ̀rù wá, òun náà ló sì fi ń lé e.

Ọdún 1992 ni. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n débi pé ayùn bù ú jẹ ní àtàǹpàkò. Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ti pọn Mùnírátù, ọmọ wọn ọlọ́dún kan, lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Orílẹ̀-Òwu. Ó ní ọjọ́ tó bá jáwọ́ nínú ọtí ni kó wá mú àwọn. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún Mọ́nsúrù ni ìpàdé àwọn tó fẹ́ fi ọtí sílẹ̀, èyí tí Jímọ́ọ̀ ń lọ ní Àpòmù ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ kó tó kú.

Ibo gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é? Kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ wá a. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró láàárín ìgboro kó ní òun ń wá ìpàdé ọ̀mùtí? "Ìpàdé" lásán ló ń béèrè. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n júwe ilé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún un. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan níbi tí àwọn akọrin ti ń kọ́ orin Kérésì, wọ́n sì fi Mọ́nsúrù ọmọ mùsùlùmí sáàárín àwọn olóhùn ìsàlẹ̀. Ojú tì í láti dìde. Ó jókòó títí wọ́n fi ṣe àdúrà ìparí.

Ẹnì kan ló mọ ibẹ̀: Sàlámọ̀tù, opó Jímọ́ọ̀, tó ń ta dòdò Ìkirè létí títì. Ẹni tí Mọ́nsúrù sì ti ń sá fún láti ọdún kan nìyẹn. Ó lọ bá a lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kẹta.

"Ìyá Ṣàmsú, ẹ kú ọjà o."

"Bàbá Mùnírátù! Ó tó ọjọ́ mẹ́ta o. Mo rò pé ẹ ti kó lọ ni."

"Ìpàdé Àpòmù yẹn... Èmi náà fẹ́ lọ."

Sàlámọ̀tù wo àtàǹpàkò rẹ̀ tó fi àkísà dì. Ó da aṣọ bo dòdò rẹ̀, ó ní kí ẹni tí wọ́n jọ ń tajà máa bá òun wò ó. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Èmi ni mo máa ń sin Jímọ́ọ̀ débẹ̀. Mo máa ń dúró lábẹ́ fèrèsé kó má baà sá jáde."

Nínú mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀. "Ó fi Kùránì búra fún mi. Oṣù mẹ́rin gbáko, kò fẹnu kàn án. Ìgbà tó yá, ó padà sídìí ẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan fún mi. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Áàfà ní kí gbogbo ẹni tí olóògbé bá ṣẹ̀ forí jì í. Gbogbo èèyàn ló dáhùn. Èmi ò dáhùn o. Títí dòní, mi ò tíì dáhùn."

Mọ́nsúrù gbọ́ ikọ́ náà lẹ́yìn ìjókòó. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bojú wẹ̀yìn.

Kíláàsì kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni ibi ìpàdé náà. Àgbàlagbà méje jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé. Jemima, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń darí wọn. Oníkálukú ń sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ọtí mú un ṣe. Mọ́nsúrù ti pinnu pé ọ̀rọ̀ ayùn àti ti ìyàwó òun lòun máa sọ. Ó rí etí ìborùn Sàlámọ̀tù ní fèrèsé, ọkàn rẹ̀ sì dàrú.

"Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ mi ni," ó sọ. "Nígbà tí àwọn Áàfà lọ tán, mo mú ògógóró jáde. Jímọ́ọ̀ ọ̀rẹ́ mi ní òun ò mu mọ́. Mo ní kó fi kan ẹnu lásán. Ó ní rárá, òun ti búra. Mo tún gbé e fún un, ó kọ̀, ó dìde. Mo wá bi í lójú àwọn tí a jọ ń mu pé, 'Ṣé o ò bá mi yọ̀ ni? Àbí o ní nǹkan nínú sí ọmọ mi?'"

Àwọn tó jókòó mí kanlẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ìbéèrè yẹn láàárín wọn. Ta ni yóò gbà kí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kàn án níbi ìkómọ?

"Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó gba ife náà. Kò ṣíwọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ kẹrin ni ọkọ̀ gbá a. Èmi ni mo gé pákó sàréè rẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Sàlámọ̀tù wọlé, ó jókòó síwájú rẹ̀.

"Ẹ tún un sọ."

"Ìyá Ṣàmsú, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ibi tó ti ní òun ò mu. Ẹ̀ẹ̀melòó ló kọ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun ti búra fún ìyàwó òun."

Sàlámọ̀tù fi ìborùn bojú, ó sunkún títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Nígbà tó ṣe, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. "Jímọ́ọ̀, ọkọ mi, mo forí jì ọ́."

Gbogbo wọn ṣe àmín, Jemima náà ṣe é. Mọ́nsúrù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. "Èmi náà ńkọ́?"

Obìnrin náà dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró.

"Ẹ̀yin ò tíì kú, Bàbá Mùnírátù," ó sọ. "Ẹ dìde, kẹ́ ẹ jókòó síbi ìpàdé yín."