Àdúrà Tryphena fún Keziah

Àwọn obìnrin ìletò Elk Ford ti mọ àdúrà Tryphena Colburn tipẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pé sílé rẹ̀, tí wọ́n á rán àjákù aṣọ pọ̀ di aṣọ ìbora, tí wọ́n á mu kọfí, tí wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Bí Tryphena bá wá gbàdúrà, ẹni tó ń sunkún tẹ́lẹ̀ á nu ojú rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, nínú ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, obìnrin kì í gbàdúrà sókè. Òfin Díákónì Amos Pruitt nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó ku ọ̀la kí ọ̀rẹ́ Tryphena, Keziah Lamb, bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Oregon tó jìnnà réré, tòun ti oyún.

"Ìwọ ni mo fẹ́ kó gbàdúrà fún mi níwájú ìjọ," ni Keziah wí bí wọ́n ṣe ń wọlé.

"Díákónì ńkọ́?"

"Kí Díákónì tó bẹ̀bẹ̀ fún òjò tán, kó bẹ̀bẹ̀ fún àgbàdo, kó bẹ̀bẹ̀ fún ẹlẹ́dẹ̀ ẹ̀, mo ti dé Oregon."

Tryphena fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Fọkàn balẹ̀. Màá gbà á."

"Báwo?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n màá gbà á."

Oníwàásù tó ń gẹṣin káàkiri àwọn ìletò kò lè dé, odò ti kún. Díákónì bá dìde, ó ní òun ni yóò dá orin. Ó ka ìlà méjì jáde kí ìjọ lè gbè é, nítorí ìwé orin kò kárí. Àfi bó ṣe gbé ohùn orin gígùn lé ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ọ̀rọ̀ tán, ohùn ṣì ń lọ. Ó tún un dá, orin tún dàrú mọ́ wọn lẹ́nu.

"Díákónì," ni Hosea Crane alágbẹ̀dẹ wí, "bàtà àgbà lẹ wọ̀ fún ọmọ ọwọ́."

Ilé rẹ́rìn-ín. Díákónì nu òógùn. "Arábìnrin Colburn, ẹ bá wa dá a."

Tryphena dìde, ó gbé ohùn tó bá a mu, gbogbo ilé sì gbà á bí omi. Orin parí, oníkálukú jókòó. Òun nìkan ló dúró.

"A dúpẹ́, arábìnrin. Ẹ lè jókòó."

"Díákónì, ta ní ń gbàdúrà lẹ́yìn orin nínú ìjọ yìí?"

Hosea ló dáhùn: "Ẹni tó bá dá orin ni. Bá a ti ń ṣe é nìyẹn látìgbà tá a ti tẹ ibí dó."

"Ọkùnrin ló ń dá a nígbà yẹn," ni Díákónì wí.

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n dá a, sà. Àbí kí n gbé orin náà mì padà?"

Díákónì wo ìyàwó rẹ̀, pé bóyá á gbèjà òun. Ìyàwó ti kúnlẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kó gùn."

Tryphena pe Keziah síwájú, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ìwọ Ọba tó la ọ̀nà sáàárín òkun, tó fi mánà bọ́ ìran tó ń rin aginjù, ọmọ rẹ rèé. Bó bá dé odò, dúró tì í. Bí ìrọbí bá mú un níbi tí kò ti ní ìyá, tí kò ti ní ọ̀rẹ́, ìwọ ni kó o gbẹ̀bí rẹ̀. Jẹ́ kó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, kí ọmọ náà gbọ́ tirẹ̀."

Ọkọ Keziah, tí kì í sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló kọ́kọ́ ṣe àmín.

Tryphena fẹ́ dìde. Ìyàwó Díákónì ṣì dijú. "Arábìnrin," ló wí, "ẹ ṣì kúnlẹ̀ ná. Èmi náà ní ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn."

Tryphena bi í lórúkọ ọmọ náà.